Ọpọ́n, Wàláà àti Ọwọ́ Ọmọdé: Àyẹ̀wò Ètò Ọpọ́n Ìmọ̀ pẹ̀lú Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà fún Àwọn Ọmọdé ní Ẹdẹ

Ìfáàrà

Ní oṣù kẹfà ọdún 2013 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ṣí ètò kan tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ ni, tí ọmọ ilé-ìwé lè gbé lọ́wọ́, tí wọ́n sì ti kó ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ sínú rẹ̀. 150,000 ni iye tí ìjọba ní lọ́kàn láti pín. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ti wáyé lórí owó tí ètò náà ná ìjọba àti lórí òṣèlú tí ó yí i ká. Kì í ṣe ibẹ̀ ni bébà yìí ń lọ. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni kí a ka Ọpọ́n Ìmọ̀ bí a ti í ka iṣẹ́ ọnà alohùn tàbí àpilẹ̀kọ: kí a wo orúkọ rẹ̀, kí a wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí a sì bèèrè irú ọmọ tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ìlú Ẹdẹ ni a fi ṣe ibùdó àyẹ̀wò wa, nítorí pé ó jẹ́ ìlú tí ọpọ́n Ifá, wàláà ilé-kéú àti ìlù dùndún ti ń kọ́ ọmọdé ní nǹkan kí ẹ̀rọ tó dé.

Èrò tiwa ni pé orúkọ tí a fún ẹ̀rọ yìí jinlẹ̀ ju ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lọ. Orúkọ náà ṣèlérí ohun kan tí ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ kò mú ṣẹ. Ìlérí náà sì ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún ọmọdé máa lépa, èyíinì ni pé ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ àmì.

Àwọn tí ètò náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn

Láàárín àkókò kan náà ni ìjọba yẹn tún àwọn ilé-ìwé Ọ̀ṣun tò. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín wọn sí: Elementary School fún kíláàsì 1 dé 4, Middle School fún 5 dé 9, àti High School fún 10 dé 12. Ètò yìí kò tọ́jọ́. Ìjọba Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá dá a padà sí ti àtijọ́ ní ọdún 2020. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wà, ó jẹ́ kí a rí ohun kan kedere. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìpele òkè, àwọn tí ìdánwò àṣejáde ti ń kàn lẹ́sẹ̀, ni Ọpọ́n Ìmọ̀ lọ. Àwọn ọmọ ìpele ìsàlẹ̀ rí oúnjẹ ọ̀sán jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé-ìwé, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré ìyẹn. Ní ti ẹ̀rọ, kò kàn wọ́n. Àwọn ti ìpele àárín ni ọ̀rọ̀ wọn tilẹ̀ ṣòro jù, nítorí pé wọ́n ti dàgbà ju ẹni tí a ń fún ní oúnjẹ lọ, wọn kò sì tíì dàgbà tó ẹni tí a ń fún ní ọpọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni, kí Ọpọ́n Ìmọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ìwé-ìlànà ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí ìjọba àpapọ̀ mú wá sí ilé-ìwé ní ọdún 2008 ti ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà nínú. Àtúnṣe tí ó tẹ̀ lé e kò yọ ọ́ kúrò. Ó kàn fi í sábẹ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ni. Ẹni tí ìwé-ìlànà ní kí ó kọ́ kọ̀ǹpútà kò rí ẹ̀rọ. Ẹni tí ó rí ẹ̀rọ, ìwé ìdánwò ni a kó sínú rẹ̀ fún un. Àwọn àgbà ní láti kékeré ni Ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìmọ̀ ọwọ́ ni kọ̀ǹpútà, gẹ́gẹ́ bí ìlù lílù ti jẹ́ ìmọ̀ ọwọ́, a jẹ́ pé òpin ọ̀nà ni ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọpọ́n méjì

Ẹ jẹ́ kí a yẹ orúkọ náà wò dáadáa. Ó kéré tán, irú ọpọ́n méjì ni ó wà nínú èdè wa. Ìkíní ni ọpọ́n tí a fi ń gbé oúnjẹ. Ohun tí ẹlòmíràn ti sè tán ni ó ń gbé wá, iṣẹ́ ẹni tí a gbé e fún kò ju pé kí ó jẹ ẹ́ lọ. Ìkejì ni ọpọ́n tí ó ṣófo títí ọwọ́ yóò fi dé ibẹ̀. Irú èyí ni ọpọ́n ayò, tí ó ní ihò méjìlá àti ọmọ ayò 48. Kò sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ bí kò ṣe pé ẹni méjì jókòó tì í. Irú èyí náà ni ọpọ́n Ifá.

Babaláwo a bu ìyẹ̀rosùn sórí ọpọ́n, a sì fi ọwọ́ gbá ikin mẹ́rìndínlógún. Bí ó bá ṣẹ́ku ẹyọ kan, a tẹ àmì méjì. Bí ó bá ṣẹ́ku méjì, a tẹ àmì kan. Nígbà tí ó bá ti ṣe èyí ní ìgbà mẹ́jọ, odù kan ti hàn nínú 256 tí ó lè hàn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé ọpọ́n náà kò tọ́jú ohunkóhun. Ẹsẹ Ifá wà ní inú babaláwo, àmì nìkan ni ó wà lórí ọpọ́n, ọwọ́ sì ni ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Bí a bá parí, a óò pa á rẹ́, a óò tún òmíràn tẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń kọminú pé ọ̀rọ̀ Ifá kò yẹ kí ó wọ ilé-ìwé àwọn ọmọ onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí lè fi wàláà rọ́pò ọpọ́n, àlàyé wa kò ní yí padà. Ní Ẹdẹ, ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Tìmì Àbíbù Lágunjú tí ó jọba nígbà náà wà lára àwọn ọba Yorùbá tí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn náà. Ọmọ ilé-kéú a fi kálàmù kọ ọ̀rọ̀ sórí wàláà pẹ̀lú tàdáà, a kà á fún àfáà títí yóò fi yè é lẹ́nu, a fọ̀ ọ́ nù, a tún òmíràn kọ. Lóòótọ́, ẹnìkan lè sọ pé àkọ́sórí ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. A gbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ ni ó kọ ọ́. Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní tablet kò wá jẹ́ àjèjì ní ìlú yìí: pákó ni tàtijọ́, dígí ni tòní.

Kí wá ni ó wà nínú Ọpọ́n Ìmọ̀? Ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ 56 lórí iṣẹ́ 17, ìbéèrè ìdánwò WAEC àti JAMB ti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, àlàyé tí a gbọ́ létí, pẹ̀lú ìwé mìíràn tí ó kọjá ti ìdánwò, tí ìtàn Yorùbá wà lára wọn. A kò ní fi àbùkù kan ohun rere. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè ra ìwé mẹ́ta rí ìwé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì tún ru àpò wúwo lọ sí ilé-ìwé mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìyẹn kò jẹ́ nǹkan, a jẹ́ pé ebi ìwé kò pa á rí. Ó tún yẹ kí a yin ìjọba náà pé ó fi orúkọ Yorùbá sọ ẹ̀rọ náà nígbà tí ọ̀pọ̀ ìjọba ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ gbogbo ètò wọn.

Síbẹ̀, ọpọ́n oúnjẹ ni. Ohun tí ó wà lórí rẹ̀ ti jinná kí ó tó dé iwájú ọmọ. Ọmọ náà lè ṣí ìwé, ó lè yan ìdáhùn nínú mẹ́rin, kí ẹ̀rọ sì sọ fún un bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á. Láti lo ẹ̀rọ kọ ìtàn tirẹ̀, láti yà àwòrán pẹ̀lú rẹ̀, láti pàṣẹ fún un kí ó ṣe ohun tí kò sí nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí èyí nínú ohun tí a torí rẹ̀ gbé e kalẹ̀. Ọpọ́n Ifá ni a dárúkọ, ọpọ́n ẹ̀bà ni a gbé wá. Àríwísí wa pàtàkì nìyí, a ò sì rò pé ó le jù.

Gírámà ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà

Bí a bá kúrò lórí Ọpọ́n Ìmọ̀, tí a wo ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ ń kọ́ lábẹ́ orúkọ kọ̀ǹpútà, ìṣòro kan náà ni a óò bá pàdé lọ́nà mìíràn. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tí kò ní ẹ̀rọ tàbí iná mànàmáná, orí pátákó ni a ti ń kọ́ ọ. Olùkọ́ a ya àwòrán kíbọọ̀dù, àwọn ọmọ a yà á sínú ìwé wọn, wọn a sì kọ́ ìtumọ̀ kọ̀ǹpútà sórí. Bí a bá fi Yorùbá sọ ìtumọ̀ náà, ohun tí ó wí ni pé kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹ̀rọ tí ń gba ìsọfúnni wọlé, tí ń ṣiṣẹ́ lé e lórí, tí ń tọ́jú rẹ̀, tí ó sì ń gbé àbájáde jáde.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú onígírámà wò ó. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin ni ó gbé gbólóhùn náà dúró, ẹ̀rọ sì ni olùwà gbogbo wọn. Ẹ̀rọ ń gbà, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ń tọ́jú, ẹ̀rọ ń gbé jáde. Ta ni ó fún un ní ohun tí ó gbà? Ta ni ó sọ irú iṣẹ́ tí yóò ṣe? Ẹni yẹn kò sí nínú gbólóhùn náà. Ọmọ tí ó bá ka èyí lórí fún ọdún mẹ́fà yóò gbà gbọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún un, pé ohun kan ni kọ̀ǹpútà tí ń dá ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ ní ibi tí òun kò sí.

Orúkọ Yorùbá tí ó gbajúmọ̀ fún un, ẹ̀rọ ayárabíàṣá, ní àléébù yìí náà. Oríkì ni, kì í ṣe orúkọ. Eré sísá ẹ̀rọ ni ó ń yìn, bẹ́ẹ̀ eré sísá kọ́ ni ó yẹ kí ọmọdé kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀. (Ẹni tí ó bá ti sin adìẹ rí mọ ohun tí àṣá máa ń fi eré rẹ̀ ṣe.) Ohun tí ó yẹ kí ọmọ mọ̀ ni pé ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohunkóhun tí a kò bá sọ fún un, ohun tí a bá sì sọ fún un gan-an ni yóò ṣe, ìbáà jẹ́ òdì. Ọpọ́n Ìmọ̀ sàn ju ẹ̀rọ ayárabíàṣá lọ gẹ́gẹ́ bí orúkọ, nítorí pé ọpọ́n ń wá ọwọ́.

Ìjàpá tí kò gbọ́n

Seymour Papert, tí a bí ní Gúúsù Áfíríkà tí ó sì ṣiṣẹ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó ṣe èdè kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Logo fún ọmọdé ní ọdún 1967. Nínú ìwé rẹ̀ Mindstorms, tí ó jáde ní 1980, ó jiyàn pé ọmọ ni ó yẹ kí ó máa pàṣẹ fún ẹ̀rọ, kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ó máa tọ́ ọmọ bí ẹni ń tọ́ ẹran. Ohun tí ó fi kọ́ wọn ni ẹ̀dá kékeré kan tí ó ń rìn, tí ó sì ń fa ìlà bí ó ti ń lọ. Ìjàpá ni ó pè é.

Ìjàpá dé Amẹ́ríkà ó sì di olùkọ́. Àwa tí a ni ọkọ Yánníbo kò tíì fún un níṣẹ́ ní ilé-ìwé wa. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí olùkọ́ ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ọmọ Yorùbá. Ìjàpá inú àlọ́ kún fún ẹ̀tàn àti ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ìjàpá Papert kò gbọ́n rárá. Bí o bá ní kí ó lọ síwájú ní àádọ́ta ìṣísẹ̀, kí ó yà sí ọ̀tún, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin, yóò fa onígun mẹ́rin kan. Bí o bá gbàgbé láti sọ fún un pé kí ó yà, yóò máa lọ ṣáá, ògiri ni yóò dá a dúró. Ẹ̀kọ́ yìí kò nílò iná mànàmáná. Ẹ̀fun àti ilẹ̀ gbọ̀ngán tó: kí ọmọ kan ṣe ìjàpá, kí àwọn yòókù máa pàṣẹ, kí ìjàpá má ṣe ju ohun tí wọ́n wí lọ. Láti àwọn ọdún 1990 ni Tim Bell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New Zealand ti ń fi irú eré báyìí kọ́ àwọn ọmọdé ní ìpìlẹ̀ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà láìlo ẹ̀rọ kankan. Nítorí náà, àwáwí pé kò sí ẹ̀rọ kò tó láti dá pátákó àti ìtumọ̀ àkọ́sórí láre.

Bákan náà ni kíkà tí kọ̀ǹpútà ń kà. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ìdajì èso mẹ́jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé. Méjì ní ọ̀nà mẹ́jọ jẹ́ 256, iye yẹn gan-an sì ni ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí byte kan lè gbà nínú kọ̀ǹpútà, nítorí pé ààyè mẹ́jọ ni òun náà ní, òdo tàbí ení ni ó sì ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè fi ìdérí ìgò mẹ́jọ ṣe èyí lórí tábìlì. A fẹ́ kìlọ̀ níhìn-ín. Àwọn kan ti fi ìbáramu yìí kéde pé Yorùbá ni ó kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ni ó bára mu. Ẹ̀rọ yàtọ̀, iṣẹ́ tí a fi ń ṣe yàtọ̀. Àǹfààní rẹ̀ fún olùkọ́ ni pé ọmọ yóò fi ohun tí ó mọ̀ wọnú ohun tí kò mọ̀, ìyẹn sì tó.

Àmì ohùn ní ìlú onílù

Tìmì Jọ́ọ̀nù Adétóyèsè Láoyè, tí ó wà lórí oyè ní Ẹdẹ láti 1946 títí di 1975, kì í ṣe ọba tí a ń lu ìlù fún lásán. Òun fúnra rẹ̀ mọ ìlù lù, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún ẹnikẹ́ni pé ohùn ni ó ń gbé ìtumọ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, dùndún kò sì jẹ́ ṣi ọ̀kan pè fún èkejì. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Ẹdẹ bá jókòó ti kíbọọ̀dù, oko, ọkọ àti ọ̀kọ̀ ni yóò di oko.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ kò lè kọ ọ́. Nínú ètò Unicode tí àwọn kọ̀ǹpútà òde òní ń lò, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Èdè Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ. Ṣùgbọ́n ọ́ àti ẹ̀ kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan. Méjì ni ẹ̀rọ ń kà wọ́n sí: lẹ́tà kan, àti àmì ohùn kan tí a gbé lé e lórí. Ohun tí ọmọ rí bí ẹyọ kan, méjì ni lójú ẹ̀rọ. Bí olùkọ́ bá ṣàlàyé èyí fún ọmọ ìpele àárín, ó ti kọ́ ọ ní ohun tí ó jinlẹ̀ jùlọ nípa kọ̀ǹpútà, pé nọ́ńbà ni gbogbo ohun tí a rí lójú rẹ̀, ènìyàn ni ó sì jókòó pinnu nọ́ńbà wo ni yóò dúró fún kí ni. Ọmọ tí ó mọ̀ pé ènìyàn ni ó pinnu yóò lè bèèrè ìdí tí wọn kò fi ro ti èdè tòun mọ́ ọn. Ní ọdún 2016 ni ètò YorubaName tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ gbé kíbọọ̀dù Yorùbá jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun èlò kò wá jẹ́ àwáwí mọ́.

Àtakò kan wà tí a mọ̀ pé yóò jáde nínú ìjíròrò wa: pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè kọ̀ǹpútà, àti pé ẹni tí ó bá fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà ń fà á sẹ́yìn. Ohun kan náà ni àwọn ènìyàn wí nípa ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kí Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ ní ọdún 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Módákẹ́kẹ́, tí kò jìnnà sí Ẹdẹ. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ wọn lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a kọ́ lọ́nà àtijọ́ lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè kan ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Èsì Módákẹ́kẹ́ ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á.

Apá tí ó kù kan àwa tí a wà ní ẹ̀ka yìí. Nígbà tí a ṣe ìwé èdè ìperí ní ọdún 1984 lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni a ṣe é fún. Fóníìmù ní orúkọ, sílébù ní orúkọ; ohun tí ọmọ yóò sọ fún ìjàpá rẹ̀ kò tíì ní. Àbá tiwa ni pé kí a lo àṣẹ fún ẹyọ ohun kọ̀ọ̀kan tí a sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó ṣe. Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ náà wúwo jù, kí a lo ìlànà. Ṣùgbọ́n ìlànà lè wà lórí ìwé láìní ẹni tí ó ni ín, bí ìtumọ̀ tí àwọn ọmọ ń kọ́ sórí. Ní ti àṣẹ, a ní láti pa á, pípa rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní olùwà: mo pàṣẹ, Àyìnlá pàṣẹ, ìjàpá rìn. Ní ti àṣẹ tí a ń tún pa ní ìgbà púpọ̀, irú èyí tí ó fa onígun mẹ́rin wa lẹ́ẹ̀kan, ìyípo ni a ti ń lò, ṣùgbọ́n onígun mẹ́rin kò yípo, àwọn ọmọ yóò sì bi wá léèrè. Àtúnpa jẹ́ àbá mìíràn. A fi í sílẹ̀ fún ìjíròrò.